Nọ́ọ̀bù Tó Sọnù Lójú Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí A Fi Ń Wá Àrọ́pò Rẹ̀

Bí kàpásítọ̀ bá bàjẹ́ nínú áńpù àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò le. A ó wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, a ó ra èyí tó bá a mu, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, ẹ̀rọ á sì máa kọrin lọ. Nọ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀bù ni orí róbótó tí ọwọ́ wa ń dì mú láti gbé ohùn sókè, láti dín báàsì kù, tàbí láti wá ilé iṣẹ́ rédíò. Òun ni ojú ń rí, òun sì ni ọwọ́ ń kàn lójoojúmọ́. Tó bá ti jábọ́ sọnù, iná ẹ̀rọ lè ṣì máa tàn, ohùn rẹ̀ lè ṣì máa já geere, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti mọ̀ pé nǹkan ti dín lára rẹ̀.

Kí ló yẹ ká fi dípò rẹ̀? Àwọn kan ní àfi èyí tó jáde láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Àwọn kan ní ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí èyí tó bá ṣáà ti yí wọlé, kí á máa gbọ́ orin wa. Ẹ̀rọ tí àríyànjiyàn yìí kàn jù ni àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1980: Quad 33 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1967, Marantz 2270 ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Pioneer SX-1250 ti 1976 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 160 wáàtì ní apá kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ọwọ́ Sansui àti McIntosh. Ní àkókò yẹn, ojú ẹ̀rọ jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ta ọjà, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe sára nọ́ọ̀bù kò kéré rárá.

Ọ̀pá ló ń pàṣẹ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé àwòrán ni wọ́n fi ń ra nọ́ọ̀bù. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ọ̀pá kékeré tó yọrí jáde lójú ẹ̀rọ, èyí tí nọ́ọ̀bù máa ń jókòó lé. Gbogbo ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, yálà ojúlówó ni wọ́n ń wá tàbí ẹ̀dà.

Ìwọ̀n méjì ló gbilẹ̀ jù. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fẹ́ràn ọ̀pá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin ìǹṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 6.35. Àwọn ará Japan àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lo mìlímítà 6 gééré. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdajì mìlímítà, ṣùgbọ́n ó tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Tí a bá fi nọ́ọ̀bù 6.35 sórí ọ̀pá 6, bí a ṣe ń fún síkúrúù rẹ̀ pọ̀ ni yóò máa ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́ọ̀bù náà kò ní wà ní àárín gbùngbùn mọ́, yóò sì máa jó bí a bá ń yí i. Nọ́ọ̀bù 6 kò tilẹ̀ ní wọ orí ọ̀pá 6.35, àfi tí a bá lu ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i.

Ìrísí ọ̀pá tún yàtọ̀ síra. Òmíràn jọ̀lọ̀ yíká, síkúrúù ni yóò di nọ́ọ̀bù rẹ̀ mú. Òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹrẹsẹ bíi lẹ́tà D. Òmíràn ní eyín wẹ́wẹ́ yíká, wọ́n sì là á sí méjì lórí kó lè fún nọ́ọ̀bù mọ́ra. Eyín yìí máa ń jẹ́ 18 lára èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n mìlímítà ṣe, ó sì máa ń jẹ́ 24 lára ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi agbára ki ọ̀kan bọ ìkejì yóò fọ́ nọ́ọ̀bù láti inú. Eyín náà ló ń sọ ibi tí àmì nọ́ọ̀bù lè kọjú sí. Lórí eyín 18, a kò lè yí i síwájú tàbí sẹ́yìn ní ohun tó dín ní ìwọ̀n 20 nínú 360 àyíká. Lórí eyín 24, ìwọ̀n 15 ni. Nítorí náà, nọ́ọ̀bù lè wọlé dáadáa kí ìlà rẹ̀ má sì tọ́ka sí òdo nígbà tí ohùn bá wà nílẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pá D: ibi tí ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ náà kọjú sí yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Ẹ má gbàgbé jíjìn ihò. Tí kò bá jìn tó, nọ́ọ̀bù á yọ síta jù. Tó bá jìn jù, yóò máa fi ìdí ha ojú ẹ̀rọ, àpá rẹ̀ kì í sì í parẹ́. Ti àwọn nọ́ọ̀bù onípele méjì tún le jù, níbi tí ọ̀pá kan wà nínú òmíràn, tí ti inú ń darí fólúùmù, tí ti òde sì ń pín ohùn sí apá òsì àti ọ̀tún. Kálípà tí kò wọ́n ló ń yanjú ọ̀pọ̀ nínú èyí, kí owó tó jáde lápò.

Àwọn tó ní ojúlówó nìkan

Ẹgbẹ́ yìí gbà pé nọ́ọ̀bù jẹ́ ara ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí transfọ́mà rẹ̀ ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ní ìdí. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀bù Japan ìgbà náà ní dídán kan tó ń tàn yíká bí iná bá bà á, àwọ̀ rẹ̀ sì ti bá ti ojú ẹ̀rọ dàgbà. Ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ike lè fúnni. (Ó yẹ kí n fi kún un pé ìwúwo tí ọwọ́ ń gbọ́ nígbà tí a bá ń wá ilé iṣẹ́ rédíò lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyẹn kì í ti ara nọ́ọ̀bù wá, àgbá irin tó wà lórí ọ̀pá náà nínú ẹ̀rọ ló ń gbé e yí lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti náwó sórí nọ́ọ̀bù wúwo nítorí àṣìmọ̀ yìí.) Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú náà mọ̀ pé olùrà á béèrè bóyá gbogbo nǹkan ara rẹ̀ ṣì pé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni láti wá ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà. Nínú ìwé yìí ni àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n tú palẹ̀ máa ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀rọ lọ, nítorí pé ilé iṣẹ́ kan lè lo nọ́ọ̀bù kan náà lára oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wá nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ńlá tó wọ́n lè rí i lára àbúrò rẹ̀ tó rọjú. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: nọ́ọ̀bù méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ lè ní ihò tó yàtọ̀.

Àìlera èrò yìí ni pé ibi tí ojúlówó ti ń wá ti ń gbẹ. Ilé iṣẹ́ McIntosh tó wà ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, lókìkí fún títọ́jú ẹ̀yà fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú wọn. Pioneer ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ orin inú ilé rẹ̀ fún Onkyo ní 2015, ilé iṣẹ́ Onkyo tó gbà á náà sì wọ gbèsè, ó kógbá sílé ní 2022. Èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kò ní alátìlẹ́yìn kankan. Nígbà mìíràn pàápàá, nọ́ọ̀bù tí wọn kò lò rí, tó ti wà nínú ọ̀rá láti ìgbà náà, máa ń dán ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ ti ń pa fún ogójì ọdún lọ. Ojúlówó ni lóòótọ́, síbẹ̀ yóò dá yàtọ̀ láàárín wọn.

Yíyọ lára ẹ̀rọ tó ti kú

Níbi tí ilé iṣẹ́ kò ti ní mọ́, ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kù. Lọ́dọ̀ àwọn atúnrédíòṣe ní Èkó àti Ìbàdàn, yíyọ ẹ̀yà lára ẹ̀rọ tó ti kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjiyàn. Lára òkú rédíò tó jókòó sórí pẹpẹ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alààyè, ọjà tòkunbọ̀ ní Alábà sì ń mú òmíràn wá. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, orí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi eBay ni irú òwò yìí ti ń lọ jù.

Agbára ọ̀nà yìí hàn gbangba. Ẹ̀yà tó ti ara ẹ̀rọ kan náà wá ni, tó ti lo iye ọdún kan náà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá bákan náà. Ẹ̀rọ tí transfọ́mà rẹ̀ ti jóná, tí àtúnṣe rẹ̀ ju iye rẹ̀ lọ, kò ní iṣẹ́ mìíràn tó dára ju èyí lọ.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án náà wúwo. Lára àwọn ẹ̀rọ kan, tí a bá ta nọ́ọ̀bù, gíláàsì ojú, àpótí igi àti ìyókù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ máa ń ju ti odindi ẹ̀rọ lọ. Àwọn oníṣòwò kan mọ èyí, wọ́n sì ń tú ẹ̀rọ tó ṣì ń kọrin palẹ̀. Èsì tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn máa ń fọ̀ ni pé ẹ̀rọ kan tí wọ́n tú lè gba márùn-ún là. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà pé ó tó ìdí láti pa èyí tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé nọ́ọ̀bù ṣe é ṣe ẹ̀dà rẹ̀, odindi ẹ̀rọ kò ṣe é ṣe.

Títún èyí tó wà lọ́wọ́ ṣe

Ẹgbẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè ní ká má wá nǹkan kan bí èyí tó fọ́ bá ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ike tó di ọ̀pá mú nínú nọ́ọ̀bù ti là. Òrùka idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi yí i ká pẹ̀lú gúlúù Araldite lè mú un padà sípò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ihò tó ti fẹ̀ ṣe é fi ọ̀rá tí ooru ń fún mọ́ ọ̀pá yanjú. Gúlúù tó ń yára gbẹ kò dára tó bẹ́ẹ̀, èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun sílẹ̀ lójú ike dúdú. Èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe láé ni kí ó fi gúlúù lẹ nọ́ọ̀bù mọ́ ọ̀pá. Bí kọ́ńtíróòlù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tó sì di dandan láti yọ ojú ẹ̀rọ láti fọ̀ ọ́, àfi kí wọ́n fọ́ nọ́ọ̀bù náà.

Ọ̀nà yìí ló rọjú jù, òun ló sì ń pa ojúlówó mọ́ jù. Ó ní ààlà kan péré: kò ran ẹni tí nọ́ọ̀bù rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà

Ibí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù ní àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ibí náà sì ni ìlérí àti ìjákulẹ̀ ti jọ ń rìn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, wọn kò sì bára dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni dídà. A ó yá nọ́ọ̀bù kan tó pé, a ó fi sílíkónì bò ó kó di àwòkọ́, a ó wá da ike olómi tó ń le fúnra rẹ̀ sínú àwòkọ́ náà. Sílíkónì máa ń gba gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára àkọ́kọ́, títí kan eyín inú ihò. Fún nọ́ọ̀bù dúdú oníke, ó lè ṣòro láti mọ ẹ̀dà yàtọ̀. Àwọn ìṣòro rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ike bí wọn kò bá da á lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àti pé ike náà ń sún kì díẹ̀ bó ti ń le. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà tí a ṣe láti ara ẹ̀dà fi ń kéré sí i, tí kò sì ní wọ ọ̀pá mọ́ nígbà tó bá yá.

Ìkejì ni títẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. A ó ya àwòrán nọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele. Ohun ìyanu rẹ̀ ni pé a kò nílò àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Àwòrán tí ẹnìkan yà ní Jámánì lè di nọ́ọ̀bù ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike okùn máa ń fi ìlà ìpele hàn lára iṣẹ́ rẹ̀, ike tí wọ́n sì fẹ́ràn jù, PLA, máa ń rọ̀ bí ooru bá súnmọ́ ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Kódà láìsí ooru, ike yìí máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bó bá wà lábẹ́ ìfúnmọ́ra ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ìfúnmọ́ra yẹn gan-an ló ń di nọ́ọ̀bù olójú eyín mú. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ ike olómi di líle ń ṣe iṣẹ́ tó jọ̀lọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ike rẹ̀ ń tètè sán. Àwọn tó mọṣẹ́ ń sá fún méjèèjì nípa fífi òrùka idẹ oní-síkúrúù sí àárín, kó jẹ́ pé idẹ ló di ọ̀pá mú, kó sì jẹ́ pé ike ń ṣe ojú lásán.

Ìkẹta ni gígé alumíníọ̀mù lórí ẹ̀rọ léèdì. Fún Marantz, Pioneer àti Sansui ìgbà náà, òun nìkan ló lè fúnni ní ìwúwo àti dídán òtítọ́. Ó wọ́n, ó sì ń wọ́n sí i bí iye tí a fẹ́ gé bá ṣe kéré tó, nítorí pé àkókò tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ kò yàtọ̀ yálà ẹyọ kan ni tàbí ogún. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni àwọ̀. Alumíníọ̀mù yìí ni wọ́n ń fi iná mànàmáná inú omi kíkan bò, àwọ̀ tó sì ń jáde máa ń yí padà bí àkókò, ooru àti irú alumíníọ̀mù bá yí padà. Fàdákà ṣe é bá mu. Àwọ̀ tó wà láàárín fàdákà àti wúrà, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Japan ní, le gan-an, ó sì sàn kí a pààrọ̀ gbogbo nọ́ọ̀bù pọ̀ ju kí a ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan lọ.

Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tuntun

Àwọn kan ti gba èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gẹ́gẹ́ bí ìlànà, láìfi ti ẹ̀dà ṣe. Wọ́n á ra nọ́ọ̀bù tuntun ní iye tí ẹ̀rọ ń fẹ́, wọ́n á yọ gbogbo ti àtijọ́, wọ́n á kó wọn sínú ọ̀rá, wọ́n á sì fi pamọ́ sínú àpótí ẹ̀rọ náà. Ojú ẹ̀rọ á bára mu, owó kò ní pọ̀, ẹni tó bá sì gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn lè dá a padà sí bó ṣe wà. Àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ka èyí sí pàtàkì: kí àtúnṣe jẹ́ ohun tí a lè tú. Lójú tèmi, ìlànà yìí yẹ fún ìyìn ju bí àwọn olùfẹ́ ojúlówó ṣe ń yìn ín lọ. Ohun tó mú un gbọgbẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ kì í fi ti àtijọ́ pamọ́ lóòótọ́, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ya ojú ẹ̀rọ náà á pòórá lójú fún ìgbà tí tuntun bá fi wà níbẹ̀.

Ewu tí kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú

Ọ̀kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ọ̀pọ̀ rédíò onígílóòbù tí wọ́n ṣe láti àwọn ọdún 1930 títí wọ inú àwọn ọdún 1960 kò ní transfọ́mà tó yà wọ́n kúrò lára iná ògiri. Nínú irú wọn, apá kan nínú iná ògiri lè wà lára irin inú ẹ̀rọ tààrà, kí ó sì gba ibẹ̀ dé orí ọ̀pá. Nọ́ọ̀bù ike nìkan ló ń dáàbò bo ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ri síkúrúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ jìnnà nínú ihò, tí àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ìda dí ojú ihò náà. Ẹni tó bá fi nọ́ọ̀bù irin tàbí èyí tí síkúrúù rẹ̀ yọrí síta rọ́pò rẹ̀ ti fi ìka sórí iná 230 tàbí 240 fóòtì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà bákan náà. Áńpù àti rísífà ńlá àwọn ọdún 1970 ní transfọ́mà, ewu yìí kò sí lára wọn ní ọ̀nà kan náà. Lára rédíò tí kò ní i, ẹ̀wà kò gbọdọ̀ wá síwájú.

Ṣé òfin gbà á?

Lórí ìrísí nọ́ọ̀bù, ìyọnu kò pọ̀. Ẹ̀tọ́ tí ilé iṣẹ́ lè gbà lórí ìrísí ọjà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970 kò kọjá ọdún 14, ó sì ti tán tipẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 yọ apá kan sílẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ onírísí fún ẹ̀yà tó gbọ́dọ̀ wọ ara nǹkan mìíràn, àti fún èyí tó gbọ́dọ̀ bá ìrísí rẹ̀ mu. Orúkọ àti àmì ilé iṣẹ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fín in sára ẹ̀dà tó fẹ́ tà ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èyí tí kò tíì yanjú

Ó yẹ kí ẹ̀dà ní àmì tó fi hàn pé ẹ̀dà ni, ní ìdí tàbí nínú ihò níbi tí kò ní ba ojú jẹ́. Àwọn kan ń ṣe é, ọ̀pọ̀ kò ṣe é, ẹgbẹ́ kankan kò sì lágbára láti fi í ṣe dandan. Níwọ̀n bí wọn kò ti ṣe é, ìtumọ̀ ojúlówó lórí ọjà yóò máa rọ̀ lọ́dọọdún.

Bí ike tuntun yóò ṣe dàgbà náà ṣì ṣókùnkùn. Békẹ́láìtì, tí Leo Baekeland ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún ó sì ṣì le lára ọ̀pọ̀ rédíò. Àwọn ike tí a ń dà tí a sì ń tẹ̀ lónìí kò tíì lo ìdajì ìyẹn lára ẹ̀rọ orin ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ìwọ̀n. Gbogbo ẹni tó ń ya àwòrán fún ẹ̀dà ń wọ̀n ọ́n láti ara nọ́ọ̀bù tó ti jẹ, tí ọwọ́ ti pa lára, tí ike rẹ̀ ti sún kì. Méjì tí ènìyàn méjì wọ̀n kì í sábà bára mu, kò sì sí ibi tí a lè gbé wọn lọ láti mọ èyí tó tọ̀nà. Àwọn ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ máa ń sọ nọ́ńbà nọ́ọ̀bù. Wọn kì í sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.